Àròkọ ìdíje fún akẹ́kọ̀ọ́ antropọ́lọ́jì: bí a ṣe ń kọ ọ́ láti Ilé-Ifẹ̀ tí yóò fi dé ọwọ́ adájọ́

Orí kan nínú tíísìsì kì í ṣe àròkọ ìdíje. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á gé Orí Kẹrin jáde, wọ́n á yí "nínú tíísìsì yìí" padà sí "nínú àròkọ yìí", wọ́n á fi ránṣẹ́, wọ́n á wá máa retí èsì. Adájọ́ kì í ka ojú ìwé mẹ́ta tán kó tó mọ̀ pé ara nǹkan ńlá kan ni wọ́n ti fà á ya: ìbéèrè rẹ̀ wà ní Orí Kìíní tí kò sí níwájú òun, ìdáhùn rẹ̀ sì wà ní Orí Kẹfà. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti PhD ní ẹ̀ka Sosiọ́lọ́jì àti Antropọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAU) n'Ílé-Ifẹ̀ là ń bá wí jù níbí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí láàárín ènìyàn, ìbáà jẹ́ nílé ìwòsàn, lọ́jà tàbí ní ojúbọ, lè lò ó.

Ìdíje náà pọ̀. Society for Applied Anthropology ní Amẹ́ríkà ní tiwọn, Peter K. New Award ni wọ́n ń pè é. Àwọn ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ American Anthropological Association náà, bíi ti ìlera àti ti àyíká, ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òfin ọ̀kan kì í bá ti èkejì dọ́gba, ó sì lè yí padà láti ọdún dé ọdún, nítorí náà ẹ má fi ohun tí ẹnì kan sọ fún yín lọ́dún tó kọjá ṣiṣẹ́.

Ẹ ka ìkéde kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ mú bírò, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n bá ti pàṣẹ. Ta ló lè díje? Àwọn ìdíje kan ní kí ẹ ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́; fún àwọn mìíràn, ó tó pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín nígbà tí ẹ kọ ọ́. Ẹni tó ti gbèjà tíísìsì rẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò (dìfẹ́ǹsì) ní oṣù tó kọjá lè wọlé sí ọ̀kan kí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn ní èkejì. Ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì náà wà níbẹ̀. ASUU ti ilé ẹ̀kọ́ pa láti oṣù kejì sí oṣù kẹwàá ọdún 2022, ó sì lè jẹ́ pé ọdún tó wà lára orúkọ sáà ẹ̀kọ́ yín kò bá ọdún tí ẹ jókòó kà á mu. Ó yé wa, kò lè yé ìgbìmọ̀ tó wà ní Chicago. Ẹ gba lẹ́tà kúkúrú lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka tó sọ ọjọ́ tí ẹ wọlé àti pé ẹ ṣì wà lórí ìwé orúkọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ tí a kò tíì tẹ̀ jáde ni wọ́n fẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ní kò gbọdọ̀ sí níwájú jọ́nà kankan. Bí ẹ bá ti fún jọ́nà kan, ẹ kọ ímeèlì sí wọn kí ẹ béèrè, nítorí ohun tí ẹ bá fi pamọ́ lónìí, wọ́n á rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́la, wọ́n á sì gba ẹ̀bùn náà padà. Àwọn mìíràn ní dandan kí ẹ di ọmọ ẹgbẹ́. Dọ́là ni owó rẹ̀, káàdì náírà mìíràn kì í sì í gba owó òkè òkun, nítorí náà ẹ tètè dán káàdì yín wò. Kí ẹ tó san án, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní owó tó dín kù fún orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní in, wọn kì í kàn pariwo rẹ̀.

Iye ọ̀rọ̀ wá ńkọ́? Bí wọ́n bá ní 8,000, ṣé ìwé ìtọ́kasí wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí? Àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé ńkọ́? Nínú Word, àpótí kékeré kan wà níbi Word Count tí wọ́n kọ "Include textboxes, footnotes and endnotes" sí. Bí ẹ kò bá fi àmì sí i, iye tí ẹ rí kì í ṣe iye tí wọ́n máa kà. Àròkọ tó fi 300 ọ̀rọ̀ kọjá ààlà lè má dé ọwọ́ adájọ́ rárá, akọ̀wé ni yóò yọ ọ́ dànù.

Ìbéèrè kan, kì í ṣe mẹ́rin

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ. Ká ní tíísìsì yín dá lórí àwìn láàárín àwọn obìnrin aláṣọ ní ọjà Atakúnmọ́sà n'Íléṣà. Ìtàn àwọn òṣómàáló wà nínú rẹ̀, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri ìlú onílùú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á sì lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí owó á fi jáde. Orí kan wà lórí àjọ àti èésú, òmíràn lórí ẹgbẹ́ ọjà, táblì iye owó sì tẹ̀ lé e. Kò sí bí gbogbo ìyẹn ṣe fẹ́ wọ inú ojú ìwé ọgbọ̀n.

Ẹ padà sínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, ẹ wá ohun kan ṣoṣo tó ṣì ń yà yín lẹ́nu. Bóyá ìwé àwìn ìyá aláṣọ kan ni, ìwé ẹsasáìsì lásán tí epo ti ta sí lára. Kò sí orúkọ ìwé ìrìbọmi kankan níbẹ̀; "Ìyá Ìbejì òkè", "Ìyàwó onítírélà", "Ẹlẹ́kọ kékeré" ló kún inú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sanwó tán, ìyá náà á fi bírò pupa fa ìlà kan kọjá lórí gbèsè rẹ̀, ìlà tó fẹ́lẹ́ débi pé orúkọ àti iye owó ṣì ṣeé kà. Kì í ya ojú ewé náà. Bí ìwé bá kún, ó ń tò ó sábẹ́ ìpẹ̀kun àtẹ pẹ̀lú àwọn ti àtẹ̀yìnwá.

Ìbéèrè ti dé nìyẹn: kí ló dé tí gbèsè tí a ti san kò fi kúrò nílé? Àbá yín lè jẹ́ pé ìwà ènìyàn ni ìwé náà ń pa mọ́, pé gbèsè tí a san ni ẹ̀rí tí ìyá aláṣọ fi ń mọ ẹni tó ṣeé gbé ẹrù fún lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà náà ni ẹ óò wá bá àwọn tó kọ̀wé lórí gbèsè sọ̀rọ̀. Bí àwọn kan nínú wọn bá gbà pé sísan gbèsè ló ń tú àjọṣe ká, ohun tí ẹ rí lábẹ́ àtẹ yẹn ń sọ òdì kejì rẹ̀. Gbogbo ohun yòókù nínú tíísìsì yín, àti táblì àti ẹgbẹ́ ọjà, bí kò bá ti ran ìbéèrè yìí lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Ó máa ń dunni, a mọ̀.

Bí ẹ kò bá lè sọ ìbéèrè àti àbá yín fún ẹni tí kì í ṣe ará ẹ̀ka yín nínú ọkọ̀ láti géètì kámpọ́ọ̀sì dé Lágere láàárín ìlú, kó sì yé e kó tó sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ ò tíì jinná. Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Bí a ṣe ń pín iye ọ̀rọ̀

Fún àròkọ 8,000 ọ̀rọ̀ tí ìwé ìtọ́kasí wà nínú rẹ̀, bí a ṣe máa pín in nìyí: nǹkan bíi 700 fún ohun tí ẹ rí, tí ẹ ó fi ṣí i, 400 fún ìbéèrè àti àbá, tí kò gbọdọ̀ kọjá ojú ìwé kẹta, 900 fún ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti sọ, 500 fún bí ẹ ṣe ṣe ìwádìí, 3,900 fún ẹ̀rí, 600 fún ìparí, 1,000 fún ìtọ́kasí. Ìpín tó máa ń wú ni ti ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti sọ. Ní tíísìsì, a máa ń ka gbogbo ìwé tó wà ní Hezekiah Oluwasanmi Library, ilé ìkàwé OAU, síbẹ̀ kí àwọn olùdánwò lè mọ̀ pé a kàwé. Adájọ́ ìdíje kò béèrè ìyẹn. Ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ẹ ń bá jiyàn tàbí tí ẹ dúró lé èjìká wọn ti tó.

Ìpín ọ̀nà ìwádìí náà, ẹ má kọ ọ́ bí ìwé ẹ̀kọ́. "A lo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti ìṣàkíyèsí" kò sọ nǹkan kan. Iye oṣù tí ẹ lò, ibi tí ẹ jókòó sí, iye ènìyàn tí ẹ bá sọ̀rọ̀, èdè tí ẹ lò, Ìjẹ̀ṣà ni tàbí Yorùbá àjùmọ̀lò, bí ẹ ṣe gba ohùn sílẹ̀, àti ẹni tí àwọn ará ibẹ̀ rò pé ẹ jẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí àwọn ọlọ́jà bá pè yín ní "ọmọ wa tó wà ní Yunifásítì", ohun tí wọ́n sọ fún yín yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n máa sọ fún agbowó-orí, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Àrùn àròkọ Ifẹ̀

Àrùn kan wà tó ń ṣe àròkọ láti Ilé-Ifẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ: bíbẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Odùduwà. Ìbáà jẹ́ orí omi kànga tàbí orí àwọn ọlọ́kadà Ṣábó ni iṣẹ́ dá lé, ìpínrọ̀ kìíní á ti gba Òkè Ọ̀rà, níbi tí ìtàn ní Odùduwà ti sọ̀ kalẹ̀, kọjá. Bí ìtàn ìṣẹ̀dá kò bá sí lẹ́nu àwọn tí ẹ bá sọ̀rọ̀, tí wọn kò fi ṣe nǹkan kan nínú ohun tí ẹ ń wò, ẹ yọ ọ́.

Ìbátan rẹ̀ ni "Yorùbá gbà gbọ́ pé". Ta ni Yorùbá? Ta ló sọ ọ́, níbo, fún ta ni, lẹ́yìn kí ni? Ẹ fi orúkọ ẹni tó sọ ọ́ rọ́pò rẹ̀, àròkọ yóò jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òwe náà bẹ́ẹ̀: òwe tí abẹ́nà ìmọ̀, ìyẹn ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú ìwádìí, pa láàárín ọ̀rọ̀, tí ẹ sọ ohun tó fi ń bá ẹnì kan wí, ẹ̀rí ni. Èyí tí ẹ fúnra yín mú wá láti fi ṣe ọ̀ṣọ́, òǹkàwé tó gbọ́n á mọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ará Ifẹ̀ lè fi ṣe èrè. Wọ́n ti ń wá bi àwọn àgbà ìlú yìí ní ìbéèrè tipẹ́. Leo Frobenius, olùwádìí ará Jámánì, dé ní 1910, William Bascom, onímọ̀ antropọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, dé ní 1937, àwọn ọmọ Yunifásítì sì ti ń wọ́ lọ sí Ẹnuwá níwájú ààfin àti Òkè Ìtasẹ̀ níbi tí tẹ́ḿpìlì Ifá wà láti ìgbà tí wọ́n ti kó Yunifásítì náà wá sí Ilé-Ifẹ̀ láti Ìbàdàn ní ọdún 1967. Nítorí náà ìdáhùn tí ìjòyè kan fún yín lè ti dán, ó lè ti sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ṣáájú yín. Ẹ má fi pamọ́. Ẹ kọ ọ́ pé ó sọ ọ́ láìdánu dúró, pé ó bi yín bóyá rìkọ́dà yín ti ń ṣiṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ fẹ́ràn irú ẹni tó rí ìyẹn.

Orúkọ àwọn tó bá yín sọ̀rọ̀

Yíyí orúkọ padà kò rọrùn lédè wa. Bí abẹ́nà ìmọ̀ yín bá ń jẹ́ Àyándélé, tí ẹ sì sọ ọ́ di Káyọ̀dé, ẹ ti pa ohun tí orúkọ náà ń sọ nípa ìdílé onílù rẹ̀. Àyàn mìíràn ni kí ẹ fi rọ́pò Àyàn, Ifá mìíràn fún Ifá, kí ẹ sì sọ nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe. Oyè ló wá le jù. Ọbalúfẹ̀ kan ló wà n'Ífẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Lọ́wá kan, Àràbà kan. Bí ẹ bá kọ oyè náà tí ẹ sì fún un ní orúkọ àtọwọ́dá, ẹ kò bo ẹnikẹ́ni lójú. Ọ̀nà méjì ló wà: kí ẹ gba àṣẹ láti lo orúkọ rẹ̀ gan-an, tàbí kí ẹ kọ "ìjòyè àgbà kan" kí ẹ sì yọ gbogbo ohun tó lè tọ́ka sí i.

Ẹ ṣọ́ra jù bí iṣẹ́ yín bá kan ìṣákọ́lẹ̀ (ohun tí àgbẹ̀ ń san fún onílẹ̀) tàbí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, pàápàá ti 1997 sí 2000 tí àwọn tó jà á ṣì wà láàyè. Agbo ilé, ọjọ́ orí àti ọ̀nà oko nínú gbólóhùn kan ṣoṣo ti tó fún ará àdúgbò láti mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Ẹ tú wọn ká, tàbí kí ẹ yọ méjì nínú wọn.

Ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń ṣèwádìí lé lórí náà kò ṣeé gbà lẹ́yìn iṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ìlera bá wà nínú rẹ̀, ìlànà orílẹ̀-èdè wa ti 2007 lórí ìwádìí ìlera béèrè fún un kí ẹ tó bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá gbà á nígbà náà, kó mú apá mìíràn nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Àmì ohùn àti fọ́ńtì

Ẹ fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá wà nínú àròkọ náà, tàbí kí ẹ má fi sórí ìkankan kí ẹ sì sọ ìdí. Ìdajì-ìdajì ló burú. Lẹ́tà tó ní àmì lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀, bíi ẹ́ àti ọ̀, ni fọ́ńtì púpọ̀ kò mọ̀ ọ́n gbé: àmì náà á fò lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kó di àpótí òfìfo. Charis SIL àti Noto Serif ń gbé e dáadáa. Ẹ fi pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá kan ṣoṣo tẹ gbogbo rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di PDF, kí ẹ wá ṣí PDF náà lórí fóònù ẹlòmíràn, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Bí ìkéde bá ní dandan kó jẹ́ Times New Roman, ẹ lò ó fún àròkọ, kí ẹ fi Charis sí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan. A kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bínú sí i.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ bá ti túmọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó pọ̀ ju mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ nínú àròkọ kan, torí adájọ́ tí kò gbọ́ èdè wa kò lè máa padà sẹ́yìn wò ó.

Lẹ́tà alábòójútó

Bí wọ́n bá béèrè lẹ́tà, ẹ lọ bá alábòójútó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán ṣáájú gbèdéke. Ẹ mú àṣamọ̀ (àkópọ̀ àròkọ) ojú ìwé kan, ìkéde náà, àti ìlà mẹ́rin tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n tẹnu mọ́, dání. Ẹ̀rù ìránnilétí ló ń pa akẹ́kọ̀ọ́ wa. Wọ́n á dákẹ́ títí ọjọ́ á fi pé, nítorí wọn kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń lé àgbà. Ìránnilétí kì í ṣe àfojúdi bí a bá ṣe é báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà láti kọ lẹ́tà náà. Mo ní kí n kàn rán yín létí pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí ni gbèdéke. Ibi tí wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ ló wà nísàlẹ̀ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ kí n mú ohunkóhun wá sí ọ́fíìsì, mo ti múra tán. Ẹ kú iṣẹ́ sà."

Ẹ fi ránṣẹ́ nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́wàá, àti nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má fi sí ọjọ́ Àìkú.

Nígbà tí wọ́n bá ní kí orúkọ yín má hàn

Kì í ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni orúkọ ń sá pamọ́ sí. Ọpẹ́ yín sí alábòójútó, nọ́ńbà ìwé àṣẹ tó ní orúkọ OAU nínú, "bí mo ti sọ ọ́ ṣáájú" tí orúkọ yín tẹ̀ lé, orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀, àti àwọn àtúnṣe tí alábòójútó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Nínú Word, ẹ lọ sí File, Info, Check for Issues, Inspect Document, kí ẹ yọ gbogbo ohun tó bá rí. Nínú LibreOffice, File, Properties ni. Ẹ mú àmì kúrò lára "Apply user data", kí ẹ sì tẹ Reset Properties. Inú Word ni kí ẹ ti ṣe é kí ẹ tó sọ ọ́ di PDF, torí orúkọ inú fáìlì àkọ́kọ́ máa ń bá a lọ. Ní ti pé Ilé-Ifẹ̀ ni ẹ ti ṣe ìwádìí, ẹ má wulẹ̀ fi pamọ́. Ibi ìwádìí kì í ṣe orúkọ yín.

Ọjọ́ tí ẹ máa fi ránṣẹ́

Bí wọ́n bá ní aago 11:59 alẹ́ ní àkókò New York, aago 5:59 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù wọn, 4:59 sì ni nígbà tí wọ́n bá ti sún aago síwájú láàárín oṣù kẹta sí oṣù kọkànlá. Ẹ má gbára lé wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà yẹn. Iná lè lọ, dátà lè má wọlé, ìkànnì wọn sì máa ń wúwo lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn torí gbogbo ayé ló wà lórí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì ṣáájú ló dára, nígbà tí ẹ ṣì lè pe ẹnì kan bí fóòmù bá kọ̀. Bí fáìlì bá ju ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ lọ, àwòrán ló sábà máa ń fà á; ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù, ẹ má gé àròkọ.

Ẹ ya àwòrán ojú ìwé tó sọ pé ó ti wọlé, ẹ sì pa ímeèlì ìdáhùn wọn mọ́. Bí ìdáhùn kò bá dé láàárín ọjọ́ méjì, ẹ wo inú spam, lẹ́yìn náà ẹ kọ̀wé sí akọ̀wé ìdíje. Títí èsì yóò fi jáde, ẹ má fún jọ́nà kankan ní àròkọ náà bí òfin wọn bá kọ̀ ọ́. Bí ẹ kò bá sì gbà á, ẹ béèrè ohun tí àwọn adájọ́ sọ nípa rẹ̀. Ìgbìmọ̀ mìíràn máa ń fi ìpínrọ̀ kan tàbí méjì ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè, irú èyí tí ẹ lè fi tún un ṣe fún jọ́nà.